Pèrègún Eléwé Pupa Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé

Owódé, Ọjọ́bọ̀, oṣù kọkànlá, 2019

Látìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà, fúláwà aláràbarà tí mo máa ń rà láti Kútọnu ò wọlé mọ́. Mo bá lọ gé pèrègún eléwé pupa lóko. Ọ̀gbẹlẹ̀ kì í pa á. Mo gbìn ín ní ìlà tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

Ni Bàbá Ràṣídì tó múlé tì mí bá yọ. "Ìyá Bísí, ààlà lò ń pa yẹn?"

Inú bí mi. Ṣé mo jọ ẹni tí ń gbalẹ̀ onílẹ̀ ni? Ṣùgbọ́n òótọ́ ni, pèrègún la fi ń pààlà níbí.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹwà ni mo fẹ́."

Ó wò ó títí. "Gbìn ín yípo róbótó, nígbà náà. Ààlà kì í yípo."

Òun fúnra rẹ̀ ló bá mi gbẹ́lẹ̀. Ó sì gé díẹ̀ nínú pèrègún náà lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú wò ó ni: òun náà gbin tirẹ̀ yípo.