Ilé Ìyá Mi Ni Bàbá Mi Fẹ́ Fi Dógò Nítorí Ọkọ̀ Eré Ìje

Olóòtú ètò wa ọ̀wọ́n, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyí: ọkọ̀ eré ìje wa tí imú rẹ̀ ti fọ́, táyà àlòkù mẹ́jọ, àti bàbá mi tó gbé ìwé ẹ̀yáwó báńkì lé itan.

Ní Le Mans níbí, ìlú tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ sáré ìje ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń náwó sórí ọkọ̀ tiwọn. Ní ti ẹgbẹ́ kékeré tiwa, olówó kan, Ọ̀gbẹ́ni Vauquelin, ló ń sanwó fún wa kó lè máa wa ọkọ̀ wa. Bàbá mi ò bá a kọ̀wé àdéhùn, wọ́n kàn bọ ara wọn lọ́wọ́ ni. Lánàá, ó wa ọkọ̀ wa lu ògiri, ó sì bá ẹgbẹ́ mìíràn lọ láìsan owó àtúnṣe.

"Ọmọ mi, buwọ́ lù ú," ni bàbá mi wí. "Ilé ìyá rẹ la máa fi dógò. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí eré ìje bẹ̀rẹ̀."

Armel, mẹkáníìkì wa, ní: "Ọ̀gá, ṣé inú ọkọ̀ tí ò nímú yìí lẹ fẹ́ kọ́mọ yín máa sùn ni?"

Bàbá mi bú sẹ́kún.

Èmi nìkan ni ìyá mi fi ilé náà sílẹ̀ fún kó tó kú. Bí n kò bá sì buwọ́ lùwé, iṣẹ́ ogún ọdún bàbá mi parí nìyẹn. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí, kí ni kí n ṣe? Aago méjì ọ̀sán ti lù báyìí, n kò sì tíì buwọ́ lù ú.