Ìwé Owó Orí Tí A Kò Fojú Rí

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú ń tì mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Oṣù kẹta rèé tí mo délé ọkọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn agbowó-orí wá ti ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ mi ti ń ránṣọ pa ní Táíwò Road. Wọ́n ní àwọn ti fìwé owó orí tó jẹ ránṣẹ́ sí ímeèlì rẹ̀, àti pé ọgbọ̀n ọjọ́ tó lè fi pẹjọ́ ti kọjá. Ímeèlì oníkọ̀ǹpútà tó bá a forúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ni, onítọ̀hún sì ti kó lọ.

Ọkọ mi ní, “Ìyàwó, fi wọ́n sílẹ̀, Allah ń wò wọ́n.” N ò lè fi wọ́n sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wá tilẹ̀kùn wa. Kí ló dé tí wọn ò fẹsẹ̀ kan náà mú ìwé wá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mòfin, ṣé kóòtù ṣì lè gbọ́ tiwa?

Èmi ìyàwó ọ̀ṣìngín, láti àdúgbò Fate.