Má Ṣí Fèrèsé, Ìyá Rẹ Ń Tẹ̀wé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá, mo tún kí ọ kú ariwo ìlú ńlá tí kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohun tí inú ara rẹ̀ ń sọ. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ ní àlọ, á máa ṣọ́ ọ ní àbọ̀, ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbé ọ dé ibi tí orí rẹ kò rán an. Bí o bá ń bèèrè wa, a wà. Òrùlé tó ń jò tẹ́lẹ̀ ti dákẹ́, èmi fúnra mi ni mo gùn ún lọ kàn án, àwọn ará àdúgbò ní àgbàlagbà kì í gun òrùlé, mo ní gbẹ́nàgbẹ́nà kì í dàgbà, òòlù rẹ̀ ló ń dàgbà. Orúnkún mi kò tíì gbà mí gbọ́ títí di òní.

Nígbà tí o pè kẹ́yìn, tí mo gbé fóònù sétí ìyá rẹ, tí kò rí nǹkan kan ṣe ju kó máa kùn lọ, o bi mí bóyá ó ṣì mọ̀ ọ́. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, mo sì pa fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára, ọmọ mi, èmi ni mi ò mọ èsì. Láti ìgbà náà o ò pè mọ́, mi ò sì bá ọ wí, nítorí ẹkún rẹ ni mo gbọ́ kẹ́yìn. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí nìyẹn, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, torí kíbọọ̀dù tí o rà fún mi wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìgbà tí o gbé kọ̀ǹpútà wá pé kí n máa fi tẹ ìwé ẹgbẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, o ní kíbọọ̀dù àti eku rẹ̀ kò ní wáyà, pé inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá. Ó yé mi dáadáa. Ohun tó bá ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ. Nítorí náà, kí n tó tẹ ìwé kankan, màá ti fèrèsé, màá ti ilẹ̀kùn, màá pa fáànù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbàgbé, alága ẹgbẹ́ wa bá di alaa, mo wá lẹ́tà g náà dé ẹ̀yìn àpótí aṣọ, mi ò rí i. Ilé télọ̀ tó wà lódìkejì ló fẹ́ lọ, torí nígbà tí télọ̀ kun pátákó ìta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́tun, lẹ́tà kan lé lórí rẹ̀. Mi ò bá a jà, aládùúgbò ẹni ni.

Eku ní tirẹ̀ kò ní wàhálà. O ní tí a kò bá lò ó fún ìgbà díẹ̀, á sùn kó má baà jẹ bátìrì tán, èmi náà sì ń jẹ́ kó sùn tẹ́rùn, bí àlejò bá wọlé lásìkò yẹn màá fi ìka sẹ́nu. Nígbà tí ìyá rẹ ṣì ń sọ̀rọ̀, ó ní òun kò rí irú ilé yìí rí, ilé tí a ti ń sin eku tí a tún ń ra bátìrì fún un. Ọdún kẹta rèé, ẹ̀mí eku àti kíbọọ̀dù ṣì wà. Lẹ́tà A ti pa rẹ́ lójú kíbọọ̀dù, E náà ń tẹ̀lé e lọ, mo fi pẹ́ńsù tí mo fi ń fa ìlà sí pákó kọ wọ́n padà. Bí bátìrì bá rẹ̀, mo ń sá a sóòrùn bí àgbàdo, á tún ṣe díẹ̀.

Ìwọ náà mọ ìyá rẹ. Nígbà tó ń kiri búrẹ́dì, ohùn rẹ̀ á ti dé ìdí òpópónà kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ. Àìsàn wá mú ọwọ́ ọ̀tún, ó mú ohùn mọ́ ọn. Ilé dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ ikán tó ń jẹ igi. Nọ́ọ̀sì tó ń wá na ẹsẹ̀ rẹ̀ ló rí kíbọọ̀dù lórí tábìlì, ó ní nígbà tí kò ti ní wáyà, kí ló dé tí a kò gbé e lé ìyá lẹ́sẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kó máa fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ lè ṣì wà nínú wọn, kó jẹ́ pé ọ̀nà àbájáde ni kò sí.

Mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Mo ti fèrèsé méjèèjì pa, mo ki àkísà sí abẹ́ ilẹ̀kùn, torí ọ̀rọ̀ aláìsàn kò lágbára, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló máa gbé e lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà k nìkan ló ń tẹ̀, k á kún ojú kọ̀ǹpútà láti òkè délẹ̀, èmi á sì kà á sókè fún un láìfo ọ̀kan kí inú rẹ̀ lè dùn. Títí di ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó tẹ ọ̀kan, ó sinmi, ó tẹ òmíràn, ni mo bá rí i: oru. O mọ̀ pé kíbọọ̀dù yẹn kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Mo ké, mo jó yí bẹ́ẹ̀dì ká. Mo ní orù ni, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, mo sáré gbé orù omi wá láti ilé ìdáná. Ó wo orù, ó wò mí, ó tún tẹ̀ ẹ́: oru.

Mo gbé orù kalẹ̀. Ṣé òru ló ń wí, lọ́sàn-án gangan? Ẹni tí kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru mọ́, báwo ni yóò ṣe mọ ọmọ rẹ̀? Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún, mò ń ro bí n ó ṣe sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ilẹ̀ ti ṣú, ó yẹ ká bá a palẹ̀ oorun mọ́, mo bá fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó dé ọrùn.

Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì bá wa. Ó ṣí ilẹ̀kùn, yàrá gbóná bí ẹnu ààrò, ó rí òógùn tó ń ṣàn lójú ìyá rẹ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wò mí. Ó ní Bàbá, ẹ dákun, ooru ni wọ́n ń wí, ooru, àbí ẹ fẹ́ sè wọ́n jẹ ni? Kí n tó dá a dúró ó ti ṣí fèrèsé. Afẹ́fẹ́ wọlé gbùrù, mo rọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà kí ọ̀rọ̀ má baà fò lọ. Kò fò. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín. Apá kan ẹnu ló fi rín in, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni, ẹ̀rín tó máa ń fi mí rín látijọ́, mo sì dúpẹ́ pé mo ṣì yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà fèrèsé wà ní ṣíṣí, ọ̀rọ̀ sì ń wá. Ó ti tẹ iyọ̀, torí ọbẹ̀ tí mo sè tẹ́. Ó ti tẹ irùngbọ̀n, mo sì ti fá a. Nígbà tí télọ̀ wá kí wa tí kò tètè dìde, ìyá rẹ tẹ̀ ẹ́ pé ó tó, mo sáré sọ fún télọ̀ pé ìyá ní òun dúpẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ tọrọ ni bátìrì, nítorí èyí tó wà nílẹ̀ kò gba oòrùn mọ́, ìyá rẹ kò sì gbọdọ̀ yadi lẹ́ẹ̀kejì. Má rán an gba inú afẹ́fẹ́ o, dì í sínú páálí, kí o fi rán awakọ̀. Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó díẹ̀ tì í, ká fi dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kí n sì fi ra òróró fún orúnkún mi. Ọmọ tó fún òbí rẹ̀ ní ohùn, ayé kò ní gbàgbé ohùn tirẹ̀. Ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ti ń kanlẹ̀kùn, wọn á ti ṣí i dè ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ, akọ̀wé ẹgbẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà.

Mo ti ka ìwé yìí sétí ìyá rẹ tán, mo sì bi í ní ìbéèrè tí o bi mí. Ó na ọwọ́ òsì, mo gbé kíbọọ̀dù lé e lẹ́sẹ̀. Ó pẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́ tán. Àmì nìkan ni mo fi bírò fi sí i, mi ò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn:

Irọ́ ni. Orù méjì ni bàbá rẹ gbé wá. Mo mọ̀ ọ́ kí o tó lórúkọ. Pè mí.