Ìkíni Tí Ìyá Àgbà Pè Ní Èpè

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Asata, Enugu,
                                        Ìpínlẹ̀ Anambra.
                                        Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Kẹwàá, 1983.

Dúrójayé, ọmọ bàbá mi ọ̀wọ́n,

Kí o tó ka lẹ́tà yìí, bọ́ fìlà, nítorí ẹni ńlá ló ń kọ̀wé sí ọ. Èmi Láyíwọlá tí o mọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo sọ, arọ dìde, ó rìn. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún mi gbé Ìyá Àgbà wa dìde lórí àga, mo sì mú wọn la àgbàlá já bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, gbogbo Asata ń wò mí. Àwọn àgbà Ìgbò ti ń wá kọ́ Ìgbò lọ́dọ̀ mi báyìí. Àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa ń dọ̀bálẹ̀ tí mo bá ń kọjá, àfi àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Súnmọ́lá àbúrò rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì mọ ọ̀nà ilé ìwé, àbí òun náà ti ń tẹ̀lé ọ lọ wo bọ́ọ̀lù? Bàbá rẹ ńkọ́? Ká má purọ́, tìtorí wọn ni mo ṣe ń kọ̀wé. Bàbá mi ka lẹ́tà wọn sí wa létí, pé àwọn gbọ́ pé obìnrin kan ń ṣẹ́ èpè fún Ìyá Àgbà ní Enugu, àwọn sì ń bọ̀ wá mú wọn padà sí Òṣogbo kí oṣù yìí tó parí. Ẹ kú ìgbọ́ ìròyìn. Ẹni tó wà ní Òṣogbo ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Asata. Àwa tó wà níbẹ̀, ojú lásán la fi rí i.

Jẹ́ kí n tò ó fún ọ. Nígbà tí Ìyá Àgbà yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n fi balẹ̀. Wọ́n kúrò lọ́sibítù, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ba bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n máa rìn lójoojúmọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yìn náà á gan síbẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tó ń dẹ́rù ba Ìyá Àgbà láyé mọ́ bí kò ṣe iké. Ta ni yóò wá máa mú wọn rìn? Màmá mi ń lọ síbi iṣẹ́, èmi sì jẹ́ ọ̀mọ̀wé tí bọ́ọ̀lù ń dúró dè. Josephine ni. Aránṣọ ni Josephine, ọmọ Ìgbò, yàrá òdìkejì àgbàlá wa ló ń gbé. Ó ń bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá nítorí orin wa dùn mọ́ ọn. Gbogbo Yorùbá tó gbọ́ kò ju "Ẹ káàárọ̀" lọ, ó sì ń lò ó láàárọ̀, lálẹ́, àti níbi ìsìnkú. Láràárọ̀ ni yóò na apá sí Ìyá Àgbà, wọn á dì í mú, wọn á máa lọ, wọn á máa bọ̀. Ọ̀kan ń sọ Ìgbò, èkejì ń sọ ti Òṣogbo. Wọn ò gbọ́ra wọn, wọn ò sì jà rí.

Mi ò gbàgbé Ẹgbẹ́ Agbaniníyànjú ti ìjọ wa o. Wọ́n ṣe bẹbẹ. Wọ́n wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbàdúrà títí ìrẹsì fi jinná. Ìrẹsì jinná tán, Ẹ̀mí náà ní ó tó. Alága wọn, Alàgbà Olúdáìsí, ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Independence Layout, gba Ìyá Àgbà níyànjú títí Ìyá Àgbà fi sùn lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi ìdúpẹ́ dé. Alàgbà Olúdáìsí dìde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó sì fi ìrẹ̀lẹ̀ ńlá dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ìyá Àgbà na ọ̀pá sókè: "Olúdáìsí, Josephine ńkọ́?" Wọ́n bá pe Josephine síwájú, ìjọ pàtẹ́wọ́. Ojú tì í. Ó yíjú sí Ìyá Àgbà, ó gbọ́wọ́ lé wọn léjìká, ó sì fi gbogbo ọkàn rẹ̀ sọ pé, "Mama, jisie ike!"

Dúró, kà á sókè kí o gbọ́ bó ṣe ń dún. Ẹ̀hẹ́n. Ohun tí Ìyá Àgbà gbọ́ nìyẹn: kí àwọn jí sí iké. Kí àwọn sùn lálẹ́, kí ilẹ̀ mọ́, kí iké ti yọ lẹ́yìn àwọn.

"Yéè! Èmi? Kí n jí sí iké? Níwájú pẹpẹ? Ìwọ ni o ó jí sí i!"

Wọ́n ké sí èmi ògbufọ̀, nítorí èmi ni mo máa ń bá àwọn ọmọ Ìgbò jẹ, tí mo máa ń bá wọn jà. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa: ohun tí wọ́n ń pè ní ike, agbára ni, ọ̀rọ̀ náà sì ni wọ́n fi ń kí ara wọn kú iṣẹ́, tí wọ́n fi ń sọ pé kéèyàn mọ́kàn le. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ìjọ pọ̀ lára mi, Yorùbá mi àti Ìgbò mi bá forí gbárí. Mo ní, "Ìyá, ó kàn ní kí ẹ di iké mú ṣinṣin ni."

Ṣọ́ọ̀ṣì dàrú. Alàgbà Olúdáìsí ti ń gbàdúrà pé kí èpè náà padà sórí olórí ẹ̀. Josephine ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Wetin I talk? I say make Mama strong!" Alàgbà fi gírámà ńlá dá a lóhùn. Josephine mú báàgì rẹ̀, ó lọ.

Kò wá mọ́. Ìyá Àgbà sì jókòó. Bàbá mi ṣàlàyé títí, Ìyá Àgbà ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti di Ìgbò tán." Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, ekòló ń lé e. Ẹ̀yìn wọn sì ń gan sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọn ò lè na ọwọ́ kan ife lórí tábìlì mọ́. Màmá mi wọ yàrá lọ sunkún. Ẹgbẹ́ Agbaniníyànjú ránṣẹ́ pé àwọn wà lẹ́yìn wa. Ẹ̀yìn náà kọ́ ló ń dùn wọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, a gbé àga Ìyá Àgbà síta, níwájú mẹkáníìkì tó wà lọ́ọ̀ọ́kán wa. Mẹkáníìkì wà lábẹ́ lọ́rì. Obìnrin onígi kọjá: "Jisie ike!" Ó dáhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ kọjá, ó kí i bẹ́ẹ̀. Fàdá kọjá lórí kẹ̀kẹ́, òun náà: "Jisie ike!"

"Láyí," ni Ìyá Àgbà wí, "kí ni mẹkáníìkì yìí ṣe tí gbogbo ìlú fi fẹ́ kó ya abuké?"

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ ni wọ́n ń kí i. Kó mọ́kàn le."

"Fàdá náà?"

"Fàdá náà."

"Ó sì ń rẹ́rìn-ín sí wọn." Wọ́n kọjú sí mi. "Lọ bá mi ra kẹrosíìnì."

"Ìyá, kẹrosíìnì wà nílé."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ohun tó wà nílé? Lọ!"

Nígbà tí mo dé, àga ṣófo. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ẹ̀rín láti yàrá Josephine. Josephine wà nílẹ̀ láàárín àjákù aṣọ, ó di ìdí ara rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín dé ibi omijé. Ìyá Àgbà jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Láyí, mo kí i lédè wọn, ó bú sẹ́rìn-ín. Kí ni mo sọ?"

Jisie ike náà ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ohùn Òṣogbo ti gbé e ṣubú níparí, ìyẹn sì ti kúrò ní agbára lédè Ìgbò, ó ti di pé kó di ìdí rẹ̀ mú gírígírí. Mo ní, "Ìyá, ẹ sọ ọ́ dáadáa."

Nítorí náà, sọ fún bàbá rẹ kí wọ́n fi owó ọkọ̀ wọn sápò. Àwọn méjèèjì tún ti ń rìn láràárọ̀. Alàgbà Olúdáìsí sì ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lórí bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe parí ìjà náà. Bá mi kí màmá rẹ, kí Súnmọ́lá, kí gbogbo ẹni tó bá bèèrè mi. Ẹni tí kò bá bèèrè, kí i le díẹ̀.

Ó ku ohun kan. Ọwọ́ ọ̀tún tí mo ní mo fi gbé Ìyá Àgbà dìde, irọ́ ni. Agolo kẹrosíìnì ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Kò sẹ́ni tó gbé wọn dìde, kò sẹ́ni tó mú wọn la àgbàlá já. Ọ̀pá wọn pàápàá, ẹ̀gbẹ́ àga ni mo ti bá a. Mo ti bi gbogbo yàrá léèrè, kò sẹ́ni tó rí wọn bí wọ́n ṣe ń lọ.

Èmi ni ọmọ bàbá rẹ tí kì í purọ́ ju bó ṣe yẹ lọ,

Láyíwọlá.