Sí Ìdílé Chaabouni, Lórí Si Mondher Tí Ó Ń Kí Àwọn Ẹni Tuntun Wa Káàbọ̀

Ẹgbẹ́ Nouba,
Sfax.

Sí Lella Wided, sí Molka ọmọ rẹ̀, àti sí Hajja Mongia, ìyá olóògbé.

Pẹ̀lú ọkàn tí ó wúwo, tí kò sì lè jókòó sójú kan, ni àwa ọmọ Ẹgbẹ́ Nouba fi ń kọ̀wé sí yín lórí ikú Si Mondher Chaabouni, ẹni tí ó jẹ́ ọkọ, bàbá àti ọmọ fún yín, tí ó sì jẹ́ aṣáájú fún wa láti ìgbà tí ẹgbẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo di kálàmù mú ni Taoufik Mzoughi, akọ̀wé ẹgbẹ́, ará Gabès. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti kìlọ̀ fún mi pé kí n ṣe jẹ́jẹ́, pé ìwé ìkẹ́dùn ni mo fẹ́ kọ, kì í ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ohun tí a sì rí láàárín ọ̀sẹ̀ yìí pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè fi ohùn wẹ́lẹ́ sọ. Bí ohùn mi bá lọ sókè jù, ẹ bá mi fojú fò ó.

Hajja, Molka sọ fún wa pé ẹ ń béèrè ohun tí ọmọ yín ń ṣe nídìí kọ̀ǹpútà ní gbogbo ọ̀sán Jímọ̀, tí kì í dúró mu tíì lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ̀tọ́ yín ni kí ẹ mọ̀. Gbogbo wa la mọ bí ibùdókọ̀ ṣe rí. Mọ́tò onílà pupa kì í ṣí títí èrò mẹ́jọ yóò fi pé inú rẹ̀, ẹni kẹsàn-án a sì dúró sínú oòrùn ti òun ti ẹrù rẹ̀, yóò máa bá awakọ̀ tí kò ṣẹ̀ ẹ́ jà. Si Mondher ló ṣe ètò kan sórí fóònù, tí ń sọ fún èrò kí ó tó kúrò nílé pé mọ́tò ìlú wo ló ń gbèrò lọ́wọ́ àti iye àyè tí ó kù nínú rẹ̀. Ó pè é ní Nouba, ìyẹn "ó kàn ọ́". Kò tà á fún ẹnì kankan. Ó tú inú rẹ̀ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè wò ó, kí ó tún un ṣe, kí ó sì dá àtúnṣe náà padà fún gbogbo ènìyàn. Iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ gan-an ni, bí ìgbà tí àwọn ará ilé bá péjọ láti ká ólífì. Lónìí, láti Bizerte dé Tataouine ni wọ́n ti ń lo Nouba, a kò sì gba mílíìmù kan lọ́wọ́ èrò.

Síbẹ̀, kì í ṣe ètò yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jù lójú tiwa. Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jù ni ibi tí a ń pè ní Ẹnu Ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa ṣiṣẹ́ ti ń kọ́kọ́ kí wa, tí ó ń sọ ẹni tí òun jẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ bíi tiwa, ẹ̀rù ni irú ibẹ̀ máa ń ba ènìyàn. Onítọ̀hún á to ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀, á to iṣẹ́ tí ó ti ṣe sílẹ̀, á wá máa wo ojú àwọn ọ̀gá bí ẹni tí ó ń dúró de èsì ìdánwò. Si Mondher kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn rárá. Òfin àkọ́kọ́ tí ó ṣe ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni a ó máa bi ẹni tuntun: mọ́tò wo ló fi ẹ́ sílẹ̀ lọ?

Skander, tí ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní Munich, wọlé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí ó gùn ju ọ̀nà Gafsa lọ. Èsì tí ó gbà kò ju báyìí lọ: "Káàbọ̀, àbúrò. A ti rí ìwé ẹ̀rí, ó ṣeun. Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́? Mọ́tò wo ló fi ẹ́ sílẹ̀ lọ?" Skander bínú, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, ó padà wá, ó sì sọ bí mọ́tò Le Kef ṣe kún níṣojú òun ní ọjọ́ tí ìyá bàbá òun wà lórí àìsàn, àti bí òun ṣe dé ilé lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé òkú màmá náà jáde. Ọkùnrin yìí kan náà ló wá kọ apá Nouba tí ń pariwo nínú fóònù pé àyè kan ṣoṣo ló kù, ẹ sáré. Ọ̀pọ̀ ohun rere tí Nouba ń ṣe lónìí, inú irú ìkíni bẹ́ẹ̀ ló ti jáde. A ò jókòó yípo tábìlì kan ronú wọn.

Òfin kejì ni pé ìkíni kò gbọdọ̀ tutù. Ó ní kí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí àlejò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, kí ó tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó máa ń sọ pé, "Ẹ dáhùn ná, ẹ ó kà á tó bá yá. Ẹ má jẹ́ kí ẹni ẹlẹ́ni dúró síta kó máa ka ìṣó ara ilẹ̀kùn." Bí a bá sì ní kí òun náà sọ tirẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ kì í yí padà: "Èyí tí mo fẹsẹ̀ ara mi bọ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀ ni. Ó tó báyẹn, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiyín." A bẹ̀ ẹ́ títí, a fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Hayfa wa ní Béja, tí ó máa ń bá a kí àwọn ẹni tuntun, ní ó dájú pé owó mọ́tò ni kò sí lápò rẹ̀ tí ó fi bọ́ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, kò sọ.

Òfin kejì yìí ló kó wa sí ìtìjú. Si Mondher ti sọ fún wa pé òun fẹ́ sinmi díẹ̀, a kò sì mọ̀ pé ó ti jáde láyé. Bí ẹnì kan ṣe dé Ẹnu Ọ̀nà láti orí fóònù Molka nìyẹn. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ni: "Orúkọ mi ni Wided, ará Sfax ni mí, mi ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà." Ohun tí Hayfa kà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dáhùn kíá, tayọ̀tayọ̀: "Ẹ káàbọ̀ o, Màmá Wided! Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n látinú ìyá ẹ̀ wá! Ó yá, ẹ sọ fún wa, mọ́tò wo ló fi yín sílẹ̀ lọ?" Àwọn yòókù rọ́ dé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fi àwòrán ijó ránṣẹ́. Ẹ̀yìn náà ni a tó ka ìyókù. Lella Wided, ẹ̀yin mọ ohun tí ẹ kọ, ṣùgbọ́n Hajja kò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí:

"Èmi ni ìyàwó Mondher. Ó ti kú. Àwọn aládùúgbò àti àwọn ará ibiṣẹ́ ẹ̀ díẹ̀ ló bá wa sin ín. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń palẹ̀ àwo Jímọ̀ mọ́ lẹ́yìn ẹni tó ti dìde lọ bá yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sòótọ́ fún mi. Ṣé ẹ wà lóòótọ́? Tẹ́ ẹ bá wà, ẹ mélòó ni yín? Ogójì ọjọ́ ẹ̀ ń bọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kí n gbé ìkòkò kaná ni, àbí kí n ti ilẹ̀kùn mi."

Ilẹ̀ ìbá lanu kí ó gbé wa mì. Hayfa pè mí, ẹkún ni ó fi ń sọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n Taoufik, mo ti dáràn! Opó ni mo bi léèrè mọ́tò! Mo tún ní kó yá!" Mo ní kí ó tètè pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ó ní rárá, Si Mondher ti kọ́ òun pé a kì í pa ìkíni rẹ́. A ń bá ara wa fà á lọ́wọ́ nígbà tí èsì yín dé, Lella Wided, ẹ ò bá wa wí, ẹ ò sì kẹ́gàn wa. Ẹ dáhùn ìbéèrè ni. Hajja, ẹ gbọ́ ohun tí ìyàwó yín wí:

"Ìbéèrè yín yà mí lẹ́nu, ọmọ mi, ṣùgbọ́n màá dáhùn. Ìrọ̀lẹ́ tó ku ọ̀la ọdún Ìtúnu ààwẹ̀ ni, ní ibùdókọ̀ Tunis. Mọ́tò tó máa gbẹ̀yìn lọ sí Sfax ti kún. Mo gbẹ́rù mi sílẹ̀, mo bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ni ọkùnrin kan bá bọ́ sílẹ̀, ó ní, 'Arábìnrin, ẹ wọlé, èmi lè sùn síbikíbi.' Mi ò tiẹ̀ rántí dúpẹ́. A ti dé Sfax kí awakọ̀ tó rí i pé báàgì ẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn mọ́tò, aṣọ ọdún ẹ̀ ló sì wà nínú ẹ̀. Mo gba báàgì náà sọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì ọdún, mo gbé e lọ sí ibùdókọ̀ Sfax, mo sì bá a níbẹ̀ tó ń pariwo mọ́ àwọn awakọ̀, nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí kọfí ti dà sí láyà. Ó ní ṣẹ́ẹ̀tì yẹn lòun fi kírun Yídì, àwọn èèyàn sì ń wo òun. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Mondher nìyẹn. Mọ́tò yẹn ò fi mí sílẹ̀ o, òun ló fi sílẹ̀."

Ariwo sọ ní Ẹnu Ọ̀nà! Ènìyàn ń sunkún, ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń ṣe méjèèjì pọ̀. Lella Wided, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbangba. Ẹ rò pé ó ń dìde kúrò nídìí oúnjẹ yín láti lọ bá àjèjì. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń dìde. Ṣùgbọ́n láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, inú ìtàn bí òun ṣe rí yín ni ó ti ń mú ìbéèrè tí ó ń bi àjèjì kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ọ̀kan nínú wa tí ó mọ̀. Orí ọjọ́ tí ó bọ́ sílẹ̀ fún yín ni ó kọ́ ẹgbẹ́ yìí lé.

Àwọn tí ó ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá síbẹ̀, wọ́n ń kí wa bí ẹni pé òní ni wọ́n dé. Awakọ̀ kan láti Tozeur, nọ́ọ̀sì kan láti Médenine, olùkọ́ kan láti Constantine lódìkejì bodè, àwọn tí a kò gbúròó láti ọjọ́ pípẹ́: "Orúkọ mi nìyí, ará ibí báyìí ni mí, Si Mondher ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn." Láàárín rògbòdìyàn yìí ni ẹni tuntun gidi kan yọjú, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Ramla, láti Tataouine. Ó kọ ọ́ tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni mo ti máa sọ ẹni tí mo jẹ́? Mo rí i pé ẹ ń ṣọ̀fọ̀. Màá padà wá lọ́jọ́ mìíràn." Kí ìka ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbéra, ẹ̀yin Lella Wided ti dáhùn: "Má lọ, ọmọ mi. Wọlé. Ṣé o ti jẹun? Ó dáa. Mọ́tò wo ló fi ẹ́ sílẹ̀ lọ?" Mo fò dìde lórí àga mi ní Gabès, ìyàwó mi sì sáré wọlé wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ ti fẹnu kò pé Ẹnu Ọ̀nà kò ní tì, a kò sì ní yan ẹnì kankan sí àyè Si Mondher. Bí ẹ bá fẹ́ máa kí àwọn ẹni tuntun, Lella Wided, àyè yín ni. Bí ẹ kò bá fẹ́, kò sí ẹni tí yóò yọ yín lẹ́nu. Molka, Hayfa yóò wá jókòó tì ọ́, yóò sì ṣí gbogbo ohun tí bàbá rẹ kọ sí àwọn ẹni tuntun fún ọ láti kà, ní ìwọ̀n tí ọkàn rẹ bá lè gbà. Hajja, ọmọ tí ẹ bí kò ṣòfò ọ̀sán Jímọ̀ kankan.

Ènìyàn boni lára ju aṣọ lọ. Ẹ bi wá pé a mélòó ni. Nígbà tí ogójì ọjọ́ bá pé, ẹ ó fojú ara yín rí wa. Mọ́tò Gafsa ti kún, ti Gabès ti kún, èyí tí ń bọ̀ láti Béja ti di méjì, àwọn ará Constantine sì ń bá àwọn aṣọ́bodè sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Àwọn ará Médenine ló ń mú àgùntàn bọ̀. Skander yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú wá láti Munich, ó sì ti búra pé òun ni yóò fọ àwo. Kò sí ẹni tí ó gbà á gbọ́ nínú wa, ṣùgbọ́n ẹ fún un ní ọṣẹ.

Kí Ọlọ́run Ọba aláàánú fọ̀rọ̀ ji Si Mondher, kí Ó fi àlùjánnà onídẹ̀ra kẹ́ ẹ, kí Ó sì fún un ní àyè tí ẹnikẹ́ni kò ní bẹ̀ ẹ́ kí ó dìde nínú rẹ̀. Kí Ó tu Hajja nínú, kí Ó di alábàárò fún Molka, kí Ó sì fún Lella Wided lókun ní apá méjèèjì, nítorí ìkòkò tí ẹ fi ń se oúnjẹ Jímọ̀ kò lè gbà wá.

Taoufik Mzoughi,
Akọ̀wé, ní orúkọ gbogbo Ẹgbẹ́ Nouba.