Súwẹ́tà Tí O So Mọ́ Ọrùn

Pákò, Igbó-Ọrà,
Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Keje.

Táíwò ọmọ mi,

Mo kí ọ bí a ti í kí ẹni tí a fẹ́ kó kọ́kọ́ jókòó. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun? Ọlọ́run tí ó fi ẹ̀yin méjèèjì ta mí lọ́rẹ lọ́jọ́ kan náà kò ní jẹ́ kí ojú mi ríbi lára rẹ. Bàbá yín kí ọ. Láti ọjọ́ tí nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀ ni kò ti kúrò lórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ ló ń dun òun, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé kì í ṣe ẹsẹ̀.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá yín dé ọwọ́ wa lánàá. Kí n má purọ́ fún ọ, nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, àánú rẹ ṣe mí. Ṣòkòtò rẹ kò dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí ètè ọmọ tuntun. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ, kò ní okùn, kò sì sí ìbọ̀sẹ̀ nínú rẹ̀. Bẹ́líìtì rẹ, okùn ni wọ́n fi hun ún, irú èyí tí a fi ń so ewúrẹ́. O dé akẹtẹ̀ bíi pé oko lò ń lọ, o sì fi awò dúdú bo ojú nínú òjò oṣù Keje. Bàbá yín tó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ní aṣọ Sọ́mà ni wọ́n pè é. Mo bi í pé ta ni Sọ́mà, ó ní yóò jẹ́ ọ̀gá yín ní ṣọ́ọ̀bù ni. Bá mi kí Sọ́mà, ṣùgbọ́n sọ fún un pé ẹni tó lówó débi tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pe aṣọ kò yẹ kó máa ṣahun aṣọ báyìí.

Ìgbà tí mo wá wo ọrùn rẹ ni ọ̀rọ̀ yé mi. Súwẹ́tà kan wà tí o kò wọ̀, o gbé e kọ́ èjìká, o fi apá rẹ̀ méjèèjì so mọ́ ọrùn, bí ìgbà tí ọmọ bá dì mọ́ni lẹ́yìn. Ẹnì kan kì í gbé aṣọ ẹni méjì sára lásán. Mo ní, Bàbá Ìbejì, ọmọ yìí ti gbọ́. Aṣọ Kéhìndé ló pọ̀n yẹn.

Ìwọ náà ṣáà mọ̀ pé nígbà tí ẹ wà ní kékeré, aṣọ kan kì í wọlé fún ọ kí irú rẹ̀ má wọlé fún un. Ìyá tó bí mi, nígbà tí ọ̀kan lọ nínú ìbejì tirẹ̀, méjì méjì ló ṣì ń rà, a sì gbé èkejì lé èjìká èyí tó kù. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá a wí títí, kò jáwọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo rí lọ́rùn rẹ.

Mi ò mọ ẹni tó sọ fún ọ, inú ẹni náà sì ń bí mi, nítorí bàbá yín ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ lórí fóònù. A kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu ìkejì ìbejì lójijì, kó má baà ní òun ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù tó ń bà mí nìyẹn láti ọjọ́ yìí, mi ò ní òmíràn. Ṣùgbọ́n bí o ti gbọ́ tí o ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ, tí o tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀ nínú fọ́tò, mo dúpẹ́. Jẹ́ kí n wá sọ bó ṣe rí gan-an, kí àwọn ẹlẹ́nu má baà fi iyọ̀ sí i.

Sọ́ńdè tó kọjá lọ́hùn-ún ni. Aṣọ tí o fi ránṣẹ́ sí i ló wọ̀, irú tìrẹ gẹ́lẹ́, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn. Mo ní kó wọ ìbọ̀sẹ̀, ó ní Táíwò ní wọn kì í wọ ìbọ̀sẹ̀ sí i. Ó ní o ní kí òun ya fọ́tò níbi tí ewé ti tutù dáadáa, kí o lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ tìrẹ. Ló bá gba oko pákí wa lọ, lójú ọ̀nà Igangan. Ejò bù ú ṣán lókè bàtà, níbi tí ara ti hàn. Òun nìkan ló rìn jáde sí títì, ó sì pẹ́ kí ọlọ́kadà kankan tó kọjá. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn, ọwọ́ rẹ̀ ti tutù. Wọ́n ní a kì í pè é ní ikú fún ìbejì, wọ́n ní kí n máa sọ pé ó rìnrìn-àjò, ṣùgbọ́n ọmọ mi kú, Táíwò. Ẹ̀yìnkùlé la sin ín sí. Mi ò sọ èyí kí o lè dá ara rẹ lẹ́bi o. Aṣọ kò mọ ejò.

Fóònù rẹ̀ wà nínú àpótí mi. Mo máa ń gbọ́ bí o ti ń pè é láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ojú rẹ a sì yọ lójú gíláàsì. Mi ò gbé e, nítorí èmi kọ́ lò ń pè. Mo sọ fún bàbá yín pé ẹ ń bá ara yín sọ̀rọ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má dá sí i. Iná rẹ̀ ti kú láti Mọ́ńdè. Èyí tí o tún kọ sí bàbá yín, tí o ń béèrè bóyá bàtà nọ́ńbà méjìlélógójì ṣì ba Kéhìndé, ẹkún ni mo sun nígbà tó kà á. Mo ní ọmọ tó mọ àṣà ni mo bí, ó fẹ́ ra ìpín ẹni tó lọ. Ó bá a. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tún ní tóbi mọ́.

Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Owó tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ níparí oṣù, má fi ránṣẹ́, fi wọ ọkọ̀ wálé. Bẹ Sọ́mà kó fún ọ láyè ọ̀sẹ̀ méjì, sọ fún un pé ìyá rẹ ló ní kí o bẹ̀ ẹ́. Kí o sì wọ ìbọ̀sẹ̀ bọ̀.

Àdúrà ni mo fẹ́ fi parí rẹ̀ kí Làtíífàt aránṣọ, ará ẹ̀gbẹ́ ilé wa, tó wọlé wá kí wa. Mo fi fọ́tò rẹ hàn án, mo sọ ohun tí mo rí fún un. Ó ní, Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, kò pọn aṣọ ẹnikẹ́ni, oge ni, báyìí ni wọ́n ṣe ń so ó. Ó ṣí fóònù tirẹ̀, ó fi ọkùnrin bíi mẹ́wàá hàn mí, gbogbo wọn so súwẹ́tà mọ́ ọrùn. Mo bi í pé ṣé ìbejì ni gbogbo wọn. Ó ní rárá. Ó ní Sọ́mà gan-an kì í ṣe ènìyàn, ìgbà ooru àwọn òyìnbó ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kàn ń wò mí.

Táíwò, ṣé o kò tíì gbọ́ ni?

Zachariah awakọ̀ tó máa gbé lẹ́tà yìí wá sí Èkó ti ń fọn fèrè ọkọ̀ níta. Bàbá yín ní kí n fà á ya. Bí mo bá fà á ya, ta ni yóò sọ fún ọ? Mi ò sì lè tún un kọ, ọwọ́ mi kò lè kọ ohun tó wà lókè yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti bẹ Zachariah kó rí i pé o jẹun tán kó tó fún ọ, kó jókòó tì ọ́, kó má sì padà láìgbé ọ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bí o kò bá tíì gbọ́, jọ̀wọ́, má ka ojú ewé àkọ́kọ́. Ká a pọ̀ kí o mú un bọ̀, èmi fúnra mi yóò kà á fún ọ nílé.

Bí o bá sì ti kà á, má tẹ̀ lé e. Méjì ni mo bí, ọ̀kan ni mo ń bẹ̀ yìí. Ọlọ́run á mú ẹsẹ̀ rẹ wọ ilé yìí láàyè, Àmín.

Èmi ni ìyá yín,
Keturah Awóníyì