Bọ́ńpà Tí Mo Fi Téèpù Méjì Wọ̀n

                                                  Yàrá Ẹ̀yìn,
                                                  Ilé Bàbá àti Màmá.
                                                  Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọ̀wọ́n bí ojú,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ṣé àlàáfíà ni ọkọ yín wà? Ṣé ikọ́ àbígbẹ̀yìn yín ti lọ? Ara Bàbá le, ara Màmá le ju ti Bàbá lọ. Èmi náà wà láàyè títí di ìgbà tí mò ń kọ lẹ́tà yìí. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ Màmá.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ń bà mí.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo fi imú ọkọ̀ Màmá gbá òpó géètì. Òpó náà ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, nítorí náà n kò lè sọ pé ó já lù mí lójijì. Bọ́ńpà iwájú là sí méjì. Ẹ mọ̀ pé nínú gbogbo àwa ọmọ, èmi nìkan ni Màmá ń fún ní kọ́kọ́rọ́, n kò sì fẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Ọ̀la, Ọjọ́bọ̀, la sì máa fi ọkọ̀ náà gbé Bàbá lọ fún iṣẹ́ abẹ ojú. Mo kọ imú ọkọ̀ sí ògiri bí ọmọ tí wọ́n ń jẹ níyà, mo bá wá bọ́ńpà tòkunbọ̀ lọ.

N kò lè gbé ọkọ̀ dání. Màmá wà ní pálọ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, wọ́n sì mọ ohùn ọkọ̀ wọn ju ohùn tèmi lọ. Mo yọ́ mú téèpù tí wọ́n fi ń wọn oníbàárà, mo fi wọn bọ́ńpà tó là náà láti etí kan dé ìkejì, mo kọ iye rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́.

Wọn-Ò-Ní-Mọ̀ ni inagijẹ ọkùnrin tó ń ta àlòkù bọ́ńpà, torí ohun tó ń sọ fún gbogbo oníbàárà nìyẹn. Àwọn bọ́ńpà so rọ̀ lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ẹ̀rín tí kò ní ojú. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé ọkọ̀ wá ká gbé e lé e wò. Bàtà lásán, ẹ ń wọ̀ ọ́ wò kí ẹ tó rà á."

Mo ní, "Awọnlẹ̀ ni mí. Mo ti wọ̀n ọ́n."

Ó bi mí pé ihò bóòtù mélòó ni tiwa ní. Mo ní mẹ́rin. N kò kà á, ṣùgbọ́n mẹ́rin jẹ́ iye tó bójú mu. Mo wá yọ téèpù irin tí mo fi ń wọn ilẹ̀, mo nà án tààrà láti etí dé etí ọ̀kan nínú àwọn bọ́ńpà rẹ̀. Iye náà bá ti àtẹ́lẹwọ́ mi mu géẹ́. Mo gbé bọ́ńpà relé.

Ẹ̀gbọ́n, ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ní pólì. Àfìgbà tí mẹkáníìkì gbé e lé ọkọ̀ lánàá, nígbà tí Màmá lọ gbé aṣọ fún oníbàárà, ni mo tó rántí pé bọ́ńpà máa ń tẹ̀ bí ọrun. Téèpù Màmá tẹ̀ lé ìtẹ̀ rẹ̀. Tèmi gba inú afẹ́fẹ́ kọjá. Èyí tí mo rà fẹ̀ ju ọkọ̀ lọ. Ihò méjì péré ló bára mu. Mẹkáníìkì fi wáyà de ìyókù, ó fi ẹsẹ̀ ti etí rẹ̀ wọnú, ó ní, "Ó ti wọlé." Ohùn ẹni tó ń dágbére ló fi sọ ọ́.

Wọ́n ní irọ́ a máa lọ fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Tèmi kò lò ju ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́sàn-án òní, Bàbá jáde. Ẹ mọ̀ pé wọn kò ríran dáadáa mọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tọ ara ọkọ̀ títí wọ́n á fi kan ilẹ̀kùn. Ọwọ́ wọn dé etí bọ́ńpà, ó dúró.

"Ọkọ̀ ta ni èyí?"

"Tiwa ni, Bàbá."

"Tiwa kì í yọ ìgbọ̀nwọ́ sí èèyàn."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ti ìka bọ àárín bọ́ńpà àti táyà. Ìka kan ló gbà. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n ní kí n wọnú ọkọ̀, kí n yí sítíárìn sọ́tùn-ún. Mo yí i. A jọ gbọ́ bó ṣe ń ha táyà.

"Ta ló máa wà nínú ọkọ̀ yìí lọ́la?" Jẹ́jẹ́ ni wọ́n bi mí.

Lójú ọkàn mi, mo ń rí Màmá tí wọ́n ń wa ọkọ̀ náà, tí wọ́n ń yà sọ́tùn-ún lórí eré, mo ń rí táyà tó bẹ́, mo ń rí Bàbá níwájú tí wọn kò lè rí ohun tó ń bọ̀. Láti ọjọ́ Àìkú, kọ́kọ́rọ́ nìkan ni mò ń rò. N kò ronú kan ẹni tó máa jókòó sínú ọkọ̀ rárá. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju Màmá lọ, n kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohun kan lè bà mí lẹ́rù jù wọ́n lọ.

Bàbá ní, "Ojú ló ń ṣe èmi, etí ìyá rẹ kò di. Lọ sọ fún un."

Mo tú bọ́ńpà náà kúrò, mo rù ú wọ pálọ̀, kí n má baà rí ọ̀nà yí ọ̀rọ̀ dà. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Màmá dá ẹ̀rọ dúró. Wọn kò pariwo. Bí wọ́n bá pariwo ni, ǹ bá ti sùn báyìí. Wọ́n ní, "Kọ́kọ́rọ́ dà?" Mo nà án sí wọn. Wọ́n wò ó títí, wọ́n dá a padà fún mi.

"Ìwọ lo máa wa ọkọ̀ lọ́la, láìsí bọ́ńpà. Bàbá rẹ á jókòó níwájú. Èmi á jókòó sẹ́yìn rẹ gan-an, kí n lè máa wo ọrùn rẹ."

Wọ́n bá ń ránṣọ wọn lọ.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Àárọ̀ kùtù la máa gbéra. Bí ẹ bá ń gbàdúrà fún ojú Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọrùn mi kún un.

                                                  Èmi ni àbúrò yín,
                                                  Awọnlẹ̀.